Kọ́lá, wá wo igbó ẹ̀yìnkùlé mi

Ìbàdàn.

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ẹ o, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. A dúpẹ́ pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn níbí, ó sì ti sọ ẹ̀yìnkùlé ilé tuntun yìí di igbó. Mo ti fẹ́ ra oògùn apakoríko, àfi bí Ìyá Ṣadé tó múlé tì wá ṣe ní kí n má dán an wò, pé ọbẹ̀ àti àgbo ni mo fẹ́ fi májèlé pa yẹn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Gbúre àti ejìnrìn nìkan ni mo dá mọ̀. Mo ń fi fóònù ya ìyókù, Google Lens ń dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n fóònù kì í gbóòórùn. Ìyá Ṣadé ní tiwọn kì í wo ojú ewé lásán: wọ́n á yí i padà, wọ́n á rún un, wọ́n á gbé e símú. Bí wọ́n ṣe mọ imí eṣú nìyẹn. Ẹ̀yìn olobe ńkọ́? Abẹ́ ewé ni wọ́n ti fi èso rẹ̀ hàn mí, róbótó-róbótó, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn.

Èyí tó pọ̀ jù ni èyí tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ìjà òṣèlú àwọn bàbá wa ò tíì parí lẹ́yìnkùlé mi! Amẹ́ríkà tí o wà yẹn gan-an ni orírun rẹ̀. Inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1937 ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. Òun náà la máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ nígbà tí àdá bá bù wá lóko ilé-ìwé.

Ọ̀kan wà tó gun ọgbà, ewé rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta bíi ti ẹ̀wà, òdòdó rẹ̀ pọ́n dúdú, ó sì so rọ̀. Irun bo èso rẹ̀, ó ń dán bí àrán. Mo nawọ́ sí i, Ìyá Ṣadé figbe ta: “Bàbá Tóyìn, má fọwọ́ kàn án o! Wèrèpè ni!” Ṣé o rántí ẹni tó bu wèrèpè sórí àga tíṣà? Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. A ti hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí èso yẹn tó gbẹ, kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ irun rẹ̀ wọlé.

Ó ku ọ̀kan tí Ìyá Ṣadé pàápàá ò mọ̀. Igi rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ewé rẹ̀ kọjú síra ní méjì-méjì, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ sì ṣù mọ́ oríkèé rẹ̀. Mo ti já a tòdòdó-tèso, mo tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Mo ń pààrọ̀ ìwé náà kó má baà bu, mo sì kọ àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí yóò ṣá tó bá gbẹ. Forestry ní Jericho ni mò ń gbé e lọ, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Jọ̀wọ́, fi ránṣẹ́ sí màámi n’Íkọ̀lé, kí o bi wọ́n ohun tí àwọn ará Èkìtì ń pè é.

Èmi ni,
Délé