Ẹ mú ẹran ara kí ẹ tó gún òkú lábẹ́rẹ́

Sí Olóòtú,

Bí ọkọ̀ bá gbiná lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Gbọ̀ngán, tí òkú jóná kọjá ìdámọ̀, abẹ́rẹ́ fọ́málìn ló máa ń yá àwọn èèyàn lára, kí òkú má baà jẹrà. Fọ́málìn náà ló ń ba DNA jẹ́, ìyẹn àmì àjogúnbá inú ara tí a fi ń dá òkú mọ̀. Ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ púrótéènì tó yí i ká, ó sì ń já a sí wẹ́wẹ́. Àwọn ibi tí láàbù ń kà lára DNA gùn tó lẹ́tà 100 sí 450, ìyẹn àwọn èérún kéékèèké tó so pọ̀ di DNA. Bó bá ti já, èyí tó kúrú nìkan ni ẹ̀rọ máa rí kà, ìyẹn kò sì tó fi mọ ẹni tó kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì, ẹran ara ṣáájú abẹ́rẹ́. Ìbọ̀wọ́ tuntun àti abẹ tuntun fún òkú kọ̀ọ̀kan, torí abẹ kan lára òkú méjì ń da DNA wọn pọ̀. Ẹ la itan kọjá ibi tó jóná, títí ẹ ó fi kan ẹran tó ṣì pọ́n. Gíráàmù kan ti tó, bí èkùrọ́ kan. Ẹ jù ú sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù tó tó ìdá 95 nínú 100, kí ọtí náà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ẹran. Bí kò bá sí, ẹ fi iyọ̀ ọbẹ̀ tó gbẹ bò ó mọ́lẹ̀: iyọ̀ á fa omi inú rẹ̀ jáde, ohun tó ń ba DNA jẹ́ kò ní rí omi ṣiṣẹ́. Kò nílò fírísà, iná ì báà lọ. Ó sì lè rìn jìnnà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú já ní Ìjù-Ìshàgá l'Ékòó ní 2012, òkè òkun ni wọ́n kó àyẹ̀wò DNA lọ.

Bí òkú bá ti jẹrà, eyín ẹ̀yìn tí kò ní ihò, tàbí abala egungun itan tó gùn ní sẹ̀ńtímítà 4 sí 6, ni kí ẹ mú. Egungun tó bá ti jó funfun bí ẹfun, ìrètí rẹ̀ kéré.

Aṣọ àti fóònù kì í ṣe ẹ̀rí, wọ́n lè ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì. Ẹbí tí a máa fi DNA wọn wé ti òkú ni a nílò: ìyá àti bàbá, tàbí àwọn ọmọ olóògbé. Ìyàwó nìkan kò wúlò, àfi bó bá mú ọmọ tí wọ́n jọ bí dání. Nílé olórogún, iyèkan àti ọbàkan kì í ṣe ọ̀kan náà lójú láàbù. Àwọn iyèkan jọ ní DNA máítókọ́ńdíríà ìyá wọn, èyí tí ìyá nìkan ń fún ọmọ. Àwọn ọbàkan tó jẹ́ ọkùnrin jọ ní Y bàbá wọn, apá DNA tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan. Àmọ́ gbogbo ọkùnrin ìran náà ló ní Y yẹn, kò lè sọ pé Àjàní ni, kì í ṣe Àkànní. Bí ìbejì bá ti inú ẹyin kan wá, Kẹ́hìndé tó wà láàyè ni àfiwé tó péye jù fún Táíwò. Bí wọ́n bá jọ kú, àyẹ̀wò yìí kò lè yà wọ́n.

Òwú tí a fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹbí ti tó. Kó gbẹ, kí ẹ wá dì í sínú àpòòwé bébà. Nínú ọ̀rá, ó máa ń hu ebu.

Ẹ́tánọ́ọ̀lù ń pa ínkì rẹ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ nọ́mbà òkú sórí bébà, kí ẹ fi í sínú ìgò pẹ̀lú ẹran, kí ẹ sì kọ nọ́mbà kan náà sára àpò òkú.

Àwa òṣìṣẹ́ láàbù ìṣègùn,
Òṣogbo.