Ta ló ń gbẹnu sọ fún ọlọ́jà?

Sí Olóòtú,

Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ọdún 2025 tí Málì, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r (kì í ṣe ìpínlẹ̀ Niger tó múlé tì wá ní Kwara o) ti kúrò nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, làwọn kan ti ń ní ká má bá wọn dúnàádúrà kankan. Ẹnu dùn ún sọ. Ìjọba ológun tó wà níbẹ̀ ò tẹ́ èmi náà lọ́rùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti bodè Nìjẹ̀r pa ní 2023 nítorí ìfipágbàjọba níbẹ̀, tó di oṣù Kẹta 2024 kí wọ́n tó ṣí i, ṣé sọ́jà ni ìyà jẹ ni? Àwọn onífàyàwọ́ ló rí tajé ṣe.

ECOWAS ṣì ń gba ìwé ìrìnnà àti ọjà wọn wọlé. Ó dáa. Àwọn mẹ́ta náà ti bu owó ibodè ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà wa, ìyẹn ò dáa. Kí ECOWAS àtàwọn mẹ́ta náà jókòó yanjú rẹ̀, kí wọ́n sì pe awakọ̀ tírélà àti alálùbọ́sà ọjà Ìpàta níbí mọ́ ìjókòó náà.

Òǹkàwé yín,
Ìlọrin.