Pẹnáritì Inú Ife Ẹ̀yẹ Fẹdiréṣọ̀n Kì Í Ṣe Tẹ́tẹ́

Sí Olóòtú,

Bí pẹnáritì bá ti yanjú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ife Ẹ̀yẹ Fẹdiréṣọ̀n ti Nàìjíríà tán, ohun tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá máa ń kọ kì í ju ìlà kan lọ: orí bá ẹgbẹ́ lágbájá ṣe é. Orí nìkan kọ́. Láti 2016 títí dé 2021, gbogbo àṣekágbá àwọn ọkùnrin tó wáyé, pẹnáritì ló parí rẹ̀: ẹgbẹ́ Ifeanyi Ubah ló gbà á ní 2016, Akwa United ní 2017, Rangers ní 2018 lẹ́yìn tí Kano Pillars ti fi gólì mẹ́ta sí òdo ṣíwájú wọn ní Asaba, Pillars fúnra wọn ní 2019, àti Bayelsa United ní 2021, tí wọn kò tilẹ̀ sí nínú líìgì àgbà nígbà náà. Ife yìí ló sì ń gbé ẹgbẹ́ lọ sí Confederation Cup ti Áfíríkà.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ti ń pàdánù kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù rárá. Agbábọ́ọ̀lù tó bá wà nínú eré nígbà tí rẹfirí fun fèrè ìparí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá yọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní ìṣẹ́jú 85, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Bí káàdì pupa bá ti sọ ẹgbẹ́ kan di ènìyàn mẹ́wàá, ẹgbẹ́ kejì náà gbọ́dọ̀ yọ ẹnì kan kí iye wọn lè dọ́gba. Kì í ṣe balógun tó rẹ̀ ni kí wọ́n yọ, ẹni tí kò lè gbá a ni, torí bí pẹnáritì márùn-ún àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá parí lọ́mì, ó lè kan gbogbo wọn, títí kan aṣọ́lé.

Ní ti aṣọ́lé, káàdì yẹ́lò tó gbà nínú eré kò bá a wọ inú pẹnáritì. Ṣùgbọ́n lásìkò tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá yára fò síwájú tó sì mú un, wọ́n á tún un gbá. Ìkìlọ̀ ni lẹ́ẹ̀kíní, yẹ́lò ni lẹ́ẹ̀kejì.

Ní pápá tí òjò ti lù, lẹ́yìn ènìyàn mẹ́fà, àmì pẹnáritì á ti di kòtò. Ẹsẹ̀ tí a fi dúró ló ń yọ̀, kì í ṣe èyí tí a fi ń gbá, bọ́ọ̀lù á sì kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fagi lé ti Julián Álvarez ti Atlético Madrid ní oṣù Kẹta 2025. Wọ́n ti tún òfin náà ṣe: bó bá ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ tó sì wọlé, wọ́n á tún un gbá, bí kò bá wọlé, ó ti lọ nìyẹn. Bàtà tí eyín rẹ̀ gùn àti ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré sàn ju eré àsápajúdé lọ.

Nígbà ìgbáradì, àwọn kan máa ń tò síwájú ilé bọ́ọ̀lù láti gbá pẹnáritì bí ẹni tò fún epo, nígbà tí ara wọn ṣì fúyẹ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún ara wọn. Láti ìlà àárín pápá dé àmì pẹnáritì tó mítà 40. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ni kí wọ́n fi rìn ín, lẹ́yìn ìgbáradì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó kù dúró sí àárín máa wò ó.

Bọ́ọ̀lù tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan kò ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ láti mítà 11 yẹn dé inú àwọ̀n. Aṣọ́lé tó bá dúró wo ibi tó ń lọ kò lè bá a ní igun. Àfi kó ti mọ ìṣe ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọ̀nyí kì í dé orí tẹlifíṣọ̀n?

Olóòtú, ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn yín ti lè ṣe wá lóore. Dípò “4-3” lásán, ẹ jẹ́ kí oníròyìn yín kọ orúkọ ẹni tó gbá, ẹsẹ̀ tó fi gbá a, apá ibi tó lọ, bóyá ilẹ̀ ni tàbí òkè, àti ohun tó dà. Kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Kí wọ́n sì máa fi ojú aṣọ́lé kọ ọ́, torí ọ̀tún rẹ̀ ni òsì ẹni tó ń gbá a.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn