Ẹ Má Dúró De Ọ̀sẹ̀ Kérésì Kẹ́ Ẹ Tó Ra Oúnjẹ Ọdún

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ilé tiyín sílẹ̀, ẹ̀yin tọkọtaya tuntun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá gbé nínú yàrá kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọdún yìí ni àwọn òbí yín máa kọ́kọ́ wá ṣọdún lọ́dọ̀ yín. Oṣù Kẹsàn-án ni mo ń kọ ìwé yìí, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíì yóò ní, "Màámi, Kérésì ṣì jìnnà." Kò jìnnà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá kì í yẹ̀. Síbẹ̀, ọdọọdún ni mò ń rí àwọn ọmọ tó ń gba owó oṣù, tó mọ ìṣirò jù mí lọ, tí òógùn ń bò nínú ọjà Bódìjà ní ọjọ́ 23, tí wọ́n ń ra gbogbo nǹkan ní iye tí wọ́n bá ṣáà ti pè é fún wọn. Ó máa ń dùn mí.

Oúnjẹ ni mo tà tí mo fi tọ́ ọmọ: ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, èlùbọ́. Ẹ̀yìn àtẹ ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ. Oníbàárà tó bá wá ní oṣù Kẹwàá, a máa ń fara balẹ̀ bá a dúnàá-dúrà, a máa ń jẹ́ kó bu ọjà wò, a ó sì fi èènì sí i kó tó lọ. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ Kérésì kò ní àyè yẹn. Èrò ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, owó ọkọ̀ tí wọ́n fi kó ẹrù wá ti lọ sókè, àwọn alágbàtà tó ti kó ọjà pa mọ́ ń retí rẹ̀, àwa alátẹ pàápàá sì ti rà á ní ọ̀wọ́n. Kì í ṣe ìkà ló ń mú wa bu owó lé e. Bí ọjà ọdún ṣe rí nìyẹn.

Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní oṣù tirẹ̀, oṣù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyẹn. Àwọn àgbà ní ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ wo epo pupa. Láti nǹkan bí oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni ẹyìn ń pọ̀ jù lóko, ìgbà náà ni owó kẹ́ẹ̀gì epo máa ń wálẹ̀. Tó bá ti di ìparí ọdún, ẹyìn ti dínkù, epo á gbówó lérí. Ẹni tó ra kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 ní oṣù Kẹrin ti ra ti Kérésì mọ́ ọn. Kẹ́ẹ̀gì náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó rọ epo sí i, torí omi díẹ̀ ti tó láti ba epo jẹ́. Ẹ rọ ọ́ kún dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má ráyè, ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní tàn sí i. Ti ọdún yìí ti kọjá lára ẹni tí kò rà, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Ìrẹsì ni olórí oúnjẹ ọdún nílé wa, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún la ń rí i jẹ, ìdí nìyẹn tí òórùn ìrẹsì àti Kérésì fi so pọ̀ lọ́kàn àwa àgbà. Ẹ wo bí owó rẹ̀ ṣe gbéra. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Kebbi gbé ìrẹsì LAKE jáde, 12,000 náírà ni wọ́n ń ta àpò oní-kílò 50, àwọn èèyàn sì tò láti rà á. Nígbà tí Kérésì ọdún 2024 fi máa dé, àpò kan ti kọjá 80,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ọjà. Owó oṣù ta ló gbéra tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ní inú owó oṣù Kejìlá nìkan lòun ti máa yọ owó ìrẹsì, owó adìyẹ, owó aṣọ ọmọ àti owó ọkọ̀ lọ sílé, ẹ bá a ṣe ìṣirò rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa dọ́gba.

Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì wa ń kórè láti bí oṣù Kẹwàá lọ títí wọ oṣù Kejìlá. Torí náà, ìrẹsì ilẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ ti Kebbi, ti Abakaliki, Ọ̀fadà tàbí ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ láti Èkìtì, máa ń rọrùn díẹ̀ láti rà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí èrò ọdún tó ya bò ó. Ẹ má gbé àpò tẹ́ ẹ kò yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ bu ún sọ́wọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn èébu, bó ti wù kó dínwó tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Àpò kan máa ń tó nǹkan bí 30 kóńgò tàbí kó lé díẹ̀, ó wà lọ́wọ́ bí kóńgò ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ṣe tóbi tó. Àwọn kan máa ń tẹ ìdí kóńgò wọnú, kó lè gba ọjà díẹ̀. Ẹ gba kóńgò náà lọ́wọ́ wọn, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín. Bí agbára yín ò bá gbé odindi àpò, kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa owó pọ̀, kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ pín in. Ó dínwó ju kí olúkúlùkù máa ra kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ.

Ẹ̀wà tuntun náà ń ti òkè Ọya dé láti bí oṣù Kẹwàá, àkàrà àti móínmóín ọdún sì wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ló ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ tó fẹ́ ra ẹ̀wà pa mọ́. Níbí, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi: ẹ má fi Sniper sí ẹ̀wà, ẹ má fi í sí oúnjẹ kankan. Májèlé ni. NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà láti ọdún 2019, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi í pa kòkòrò inú ẹ̀wà. Kòkòrò nílò afẹ́fẹ́ kó tó lè wà láàyè, ẹ̀yin ẹ ṣáà ti gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sá ẹ̀wà sóòrùn títí á fi gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kún dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, kẹ́ ẹ má sì ṣí i lójoojúmọ́. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ ni kòkòrò yóò mí tán, á sì kú. Bákan náà ni àpò PICS, èyí tí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bá àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù ṣe fún ẹ̀wà, ṣe ń ṣiṣẹ́: ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò híhun sì wà lóde. Ẹni tó bá ra ẹ̀wà púpọ̀, kó wá a rà.

Iṣu kò ní wàhálà. Ó máa ń pọ̀ lọ́jà láti oṣù Kẹwàá. Ẹ ṣa èyí tí kò lọ́gbẹ́, ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, èyí tó bá fẹ́ máa jẹrà, ẹ tètè sè é.

Àlùbọ́sà máa ń wọ́n nígbà tí ọdún bá ń parí, torí pé èyí tí wọ́n kórè ní Sokoto àti Kebbi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń tán lọ, tuntun ò sì tíì dé. Ẹ rà á kí oṣù Kejìlá tó wọlé, èyí tí ọrùn rẹ̀ gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má dì í sínú ọ̀rá.

Ata àti tòmátì ni kò ṣe é kó pa mọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóko òkè Ọya ló máa hàn nínú ìkòkò wa. Ní ọdún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta ya bo oko tòmátì ní Kaduna, gbogbo wa la mọ bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ṣe kọjá agbára alásè. Torí náà, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésì, ẹ lọ sí Ṣáṣá ní Ìbàdàn, tàbí Mile 12 tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kẹ́ ẹ ra apẹ̀rẹ̀ kan pín láàrin ara yín. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ wá fi òróró dín in. Nígbà tó bá tutù, ẹ pín in sí ìwọ̀n ìsebẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, ẹ gbé e sínú fírísà. Èyí tẹ́ ẹ bá ti yọ́, ẹ sè é tán, ẹ má dá a padà. Ẹni tí iná ìjọba kì í dúró níbi tó ń gbé, kó má kó púpọ̀ jọ. Kó lo ata gbígbẹ àti tàtàṣé gbígbẹ, wọn kì í dójú tini.

Ní ti ẹran, ẹni tó bá ní ẹ̀yìnkùlé lè fúnra rẹ̀ sin adìyẹ. Bùrọ́ílà ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ kó tó tó pa, torí náà ẹ ra ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan láàrin oṣù Kẹwàá. Tòlótòló ń fẹ́ oṣù mẹ́rin ó kéré tán, ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹni tí kò lè sìn, kó bá olóko adìyẹ tó mọ̀ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kọkànlá, kó san díẹ̀ sílẹ̀. Adìyẹ yìnyín tí wọ́n ń yọ́ gbà gba ẹnubodè Sèmè wọlé, mi ò gbà kí ọmọ mi rà á. Òfin kò gbà á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ìgbà tó ti yọ́ tó tún dì kó tó dé ọwọ́ yín. Gáàsì náà, ẹ rọ sílíńdà kún kí oṣù Kejìlá tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Níbo lowó ti máa wá? Ẹ dá àjọ. Bó ṣe wù kó kéré, ẹ máa dá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Alájọ ojoojúmọ́ máa ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, kò sì burú, ọkàn á balẹ̀ pé ẹnì kan ń bá ẹ mú un mọ́lẹ̀. Níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló máa ń ra ìrẹsì àti òróró lápapọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìparí ọdún. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè. Àmọ́ àjọ oúnjẹ tí ẹni tẹ́ ẹ kò mọlé rẹ̀ ń pè yín sí lórí WhatsApp, ẹ jìnnà sí i. Mo ti rí àwọn tó sanwó fún odindi ọdún, tí nọ́ńbà aláàjọ ò sì lọ mọ́ nígbà tí oṣù Kejìlá dé. Ẹ má sì yá owó lórí fóònù nítorí ìrẹsì. Àwọn ayánilówó yẹn máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú tini lọ́dọ̀ àwọn ẹbí àti ọ̀gá ẹni.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ka ẹnu. Ta ló ń bọ̀, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa lò? Kóńgò ìrẹsì kan á tó èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó jẹun yó. Ẹ máa tibẹ̀ ṣírò, kì í ṣe látinú bí ilé kejì ṣe ń ṣe tiwọn. Ẹ wá ka àwo àwọn aládùúgbò mọ́ ọn. Àwọn Mùsùlùmí tó gbé ẹran Iléyá wá fún yín ń retí ìrẹsì Kérésì yín, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa, ẹ má jẹ́ kó parẹ́ lójú yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, láàrin ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, èèyàn tẹ èèyàn pa níbi àkójọ ọdún: ọ̀pọ̀ ọmọdé nílùú Ìbàdàn wa níbí ní ọjọ́ 18, lẹ́yìn náà àwọn tó lọ gba oúnjẹ ní Abuja àti ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra ní ọjọ́ 21. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́bi. Àìní ló gbé wọn jáde. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún, ẹ yọ kóńgò díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ra àpò, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ bá opó, arúgbó àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé wọn, kí Kérésì tó kù ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má pe èrò jọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ rántí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ń dúró ní oṣù Kìn-ín-ní. Ohun tẹ́ ẹ bá ti rà sílẹ̀ nínú ọdún ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí i san, ohun tó bá sì ṣẹ́kù nínú àpò ni ẹ ó máa jẹ títí owó oṣù á fi tún wọlé.

Ẹni tí ìwé yìí bá pẹ́ kó tó bá lọ́wọ́, kó bẹ̀rẹ̀ látorí ìrẹsì, òróró àti àlùbọ́sà, kó rà wọ́n lọ́sẹ̀ tó bá kà á, kó jẹ́ kí adìyẹ àti ata dúró díẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rajà ní Bódìjà, kó wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹwàá, mo máa tẹ̀ lé e lọ.

Èmi ni,
Ìyá yín, oníṣòwò oúnjẹ, Ìbàdàn