Ẹ Bá Wa Kọ́ Ilé Tí Pákó Ère Yóò Ti Máa Gbẹ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú,
láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa agbẹ́gilére, Kàbà.

Ọlọ́lá, a kí yín, a kí gbogbo kánsẹ́lọ̀. Ẹ̀bẹ̀ méjì la mú wá: ilé ìsápákó, àti iná sólà fún ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí.

Igi tútù ni àwọn baba wa ń gbẹ́, torí ó rọ̀ lábẹ́ àáké. Wọ́n á lé ọnà (kí ìrísí ère kọ́kọ́ jáde), wọ́n á tún un lé (kí ẹ̀yà ara rẹ̀ hàn), wọ́n á dán an, wọ́n á sì fín in. Igi á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àpò tútù. Ẹ̀rọ kò gba bẹ́ẹ̀. Bí omi inú pákó bá ju ìdá 12 nínú 100 lọ, ojú rẹ̀ á hu bí irun, èérún á dì mọ́ irin tí ẹ̀rọ fi ń gbẹ́ ẹ, irin á gbóná, á kán. Èyí tó bá tiẹ̀ jáde dáadáa, tí ọyẹ́ bá fẹ́ lù ú, á sán láti ọkàn igi dé èèpo.

Fóònù la fi ń ya òpó àtijọ́ tí ikán ti ń jẹ: àwòrán bí 80 yíká rẹ̀, nígbà tí oòrùn kò mú, kí òjìji má baà da kọ̀ǹpútà rú. Kọ̀ǹpútà á pa àwọn àwòrán náà pọ̀ di àwòṣe tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé gbẹ́ òpó tuntun. Irin mílímítà 6 ló ń lé ọnà, mílímítà 3 ló ń tún un lé. A máa ń fi mílímítà 2 sílẹ̀ fún ọwọ́, torí irin olórí róbótó kò lè wọ kọ̀rọ̀ ìpéǹpéjú. Ọ̀bẹ nìkan ló ń débẹ̀.

Òpó kan lè gba odidi ọjọ́ kan. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó dé. Bí a bá tún un tò, tó fi mílímítà 1 péré yẹ̀, ìlà á là kọjá ojú ère, pákó olówó ńlá á di igi ìdáná. Ó ń dùn wá gan-an.

Mọ́tò ẹ̀rọ náà jẹ́ kílówáàtì 2.2. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku (eruku ìrókò a máa ta imú, a máa yún ara), ìnfátà kílówáàtì 5 àti bátìrì rẹ̀ ni yóò gbé e.

Ilé ìsápákó náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 12 lọ: ilẹ̀ kọnkéré, òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀, fáànù méjì, ihò atẹ́gùn lókè àti nísàlẹ̀. Pákó íǹṣì 2 tó lè lo ọdún méjì níta á gbẹ níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda ilẹ̀ ìjọba tó ṣófo fún wa. Àwa la ó ṣe iṣẹ́ káfíńtà, a ó sì gba ọ̀dọ́ 6 lọ́dọọdún láti kọ́ àáké àti kọ̀ǹpútà pọ̀, láìgba owó.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé ẹgbẹ́.