Wọ́n Fi Ọmọ Tó Gbé Omi Pòyì Ṣe Yẹ̀yẹ́

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi gidigidi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, níbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ń pàtẹ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn ní Ìlọrin, ọmọbìnrin kan láti ilẹ̀ Ìgbómìnà gbé ọpọ́n omi lé orí àga tó ń yí, ó kán aró sí i, aró náà sì nà tọ́ọ́rọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi kọ́tìnnì, kò fọ́n káàkiri. Ọ̀gá ìjọba kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó lọ wá ohun tó lè mówó wọlé.

Ṣé ọ̀gá yìí mọ̀ pé irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń wádìí ohun ojú ọ̀run? Ààjà tiwa kì í pẹ́ parẹ́, ṣùgbọ́n ní Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó ń yí ara rẹ̀ po láàárín nǹkan tí kò tó wákàtí 10, ìjì pupa kan tó fẹ̀ ju ayé wa lọ ti ń jà fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó yí ihò dúdú ká ńkọ́, ìyẹn ohun ojú ọ̀run tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè bọ́ nínú rẹ̀? Bí kò bá sí ìrúkèrúdò nínú rẹ̀, yíyípo ni ìbá máa yípo, kò ní lè já wọ inú ihò náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣirò fi hàn pé irú ìyípo bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé dàrú. Ní 1991 ni Balbus àti Hawley, àwọn onímọ̀ nípa ohun ojú ọ̀run, ṣàlàyé pé agbára òòfà, bó ti wù kó kéré mọ, lè dà á rú. Ní 2006, wọ́n fi omi tó ń pòyì láàárín sìlíńdà méjì wò ó ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, bóyá irú ìyípo bẹ́ẹ̀ lè dàrú láìsí agbára òòfà, omi náà kò sì dàrú. Omi lásán ni o! Òun náà ni wọ́n fi ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí.

Àwọn tó ń ṣe irú èyí ni wọ́n fi yàrá ìṣèwádìí ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe ibi ìkó-àga-fífọ́-sí.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara, kálukú wọn, sanwó fún wẹ́dà kan kó fi bíárìn ọ̀kadà àti mọ́tò fáànù àtijọ́ ṣe àga tó ń yí fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Kí ó máa rọra yí, bí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan, láìmì, kí olùkọ́ sì ní sùúrù fún bí ìṣẹ́jú 15 títí omi yóò fi bá ọpọ́n yí pọ̀ kí ó tó kán aró sí i, nítorí ìkánjú ló máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Kí wọ́n gba olùkọ́ Físíìsì sí i pẹ̀lú.

Kí ọ̀gá yẹn sì padà lọ bẹ ọmọ náà.

Olùkọ́ Físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òmù-Àrán.