Ohùn Ọ̀rọ̀ Ni Kí Akọrin Máa Wò, Kì í Ṣe Ìparí Rẹ̀ Nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń kọ orin ní èdè wa sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí ìró wọn bá ara mu sí ìparí ìlà orin, pàápàá nígbà tí ó bá ṣòro láti rí èyí tí yóò bá ọ̀rọ̀ kan mu.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé bí ìlà méjì bá ti parí sí fáwẹ́lì kan náà, ó ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fáwẹ́lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa fi ń parí, àwọn tí a kì í fi imú pè kò sì ju méje lọ, nítorí náà irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ kò gba làálàá kankan. Inú ohùn, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gòkè tàbí tí ó ń wálẹ̀ bí a bá pè é, ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo “ìfẹ́” àti “ẹ̀jẹ́” tí ọkọ àti ìyàwó ń jẹ́ fún ara wọn: ohùn ìsàlẹ̀ ló ṣáájú nínú méjèèjì, ohùn òkè ló tẹ̀lé e, wọ́n sì bá ara mu délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orin bá wálẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, “ẹ̀jẹ̀” ni àwọn àlejò ibi ìgbéyàwó yóò gbọ́. Bákan náà, “òṣùpá” bá “àgbàlá” mu, kò bá “àdàbà” mu.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì ń fi ohùn orin òyìnbó kọ, ti yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa padà lọ́pọ̀ ìgbà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, àti T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina, Èkó, ní 1914, wà lára àwọn tí ó ṣe orin tí ó tẹ̀lé ohùn èdè.

Ọ̀rọ̀ àyálò ló ń dà wọ́n láàmú jù. Mo ti gbọ́ orin tí wọ́n ti sọ “fóònù” di “fóònú” kí ó lè bá “inú” mu, ó sì dùn mí, nítorí pé èdè wa ti fún wa ní “ni” tí a lè fi gbé ọ̀rọ̀ tí ó le síwájú. Ẹni tí “báńkì” bá há sí lọ́fun kò gbọ́dọ̀ yí ohùn rẹ̀ padà. Kí ó kọ ọ́ báyìí:

Báńkì ni mo kówó sí,
Èrè rẹ̀ ni n kò tí ì rí.

Mo bẹ àwọn tí ó ń ṣe adájọ́ ìdíje orin lórí rédíò kí wọ́n máa fún ohùn ọ̀rọ̀ ní máàkì tirẹ̀. Kí akọrin pàápàá sì ní kí onídùńdún fi ìlù sọ ìlà orin rẹ̀ kí ó tó gbé e jáde. Bí ìlù bá sọ ohun mìíràn, kí ó tún ìlà náà kọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ẹgbẹ́ akọrin kan, Ìbàdàn.